Kí O Tó Wọ Òkun Lọ Wo Ẹja: Ọ̀rọ̀ Ekurá Láti Ẹnu Ọmọ Àgbádárìgì

Ìbéèrè tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bi mí lórí fóònù lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni mò ń dáhùn níbí. Òun àti ọkọ rẹ̀ tuntun ń lọ sí Zanzibar, erékùṣù kan ní Tanzania. Wọ́n ti sanwó ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n ti sanwó ilé, àwọn tó fẹ́ gbà wọ́n lálejò sì ti sọ pé ní ọjọ́ kejì wọn, àwọn á gbé wọn dé Mnemba, erékùṣù kékeré kan nítòsí ibẹ̀, láti lọ wo ẹja lábẹ́ omi. Ó ní, "Àǹtí, ekurá ńkọ́?" Mo ní kó jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà ju ohun tí èèyàn ń sọ lórí ìdúró lọ.

Lẹ́bàá ọ̀sà ní Àgbádárìgì ni wọ́n bí mi sí. Apẹja ni bàbá mi, ìyá mi sì ń yan ẹja tà. Kí n tó mọ ìwé kà dáadáa ni mo ti ń lúwẹ̀ẹ́ láti èbúté wa dé ìdí ọ̀pá tí àwọn Ègùn ń ta àwọ̀n sí. Láti ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ́ ọmọdé àti àgbà bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ sí Tanzania, tí mo wọ òkun wọn pẹ̀lú gọ́gùlù lójú. Ekurá ni wọ́n ń pe ẹja tó ń bà á lẹ́rù yìí nílé wa. Àwọn mìíràn ń pè é ní àkurákudà, àwọn ọmọ ìsinsìnyí kàn ń pè é ní shark. Ẹja kan náà ni.

Gbólóhùn kan ni bàbá mi máa ń sọ nípa rẹ̀, títí tó fi dolóògbé: "Oúnjẹ ló ń wá. Má dúró sáàárín òun àti oúnjẹ rẹ̀." Gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ síhìn-ín nípa ekurá, inú gbólóhùn yẹn ló ti wá. Ohun tí mo fẹ́ kọ nípa omi fúnra rẹ̀, èmi ni mo fi kún un, nítorí mo ti rí ohun tí omi ń ṣe.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ẹ̀rù náà sórí òṣùwọ̀n. Irú ekurá tó wà nínú òkun lé ní 500, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í fẹnu kan èèyàn rárá. Yunifásítì Florida ní Amẹ́ríkà ló ń ṣàkọsílẹ̀ àwọn tí ekurá bù jẹ kárí ayé. Ní ọdún 2023, àwọn tó bù jẹ láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ tọ́ ọ níjà jẹ́ 69, mẹ́wàá nínú wọn kú. Ní 2024, wọ́n jẹ́ 47, mẹ́rin kú. Gbogbo ayé nìyẹn o. Bẹ́ẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àwọn tí omi gbé lọ ní ọdún 2021 nìkan tó 300,000. Mo fẹ́ kí nọ́ńbà méjèèjì jókòó sọ́kàn rẹ pa pọ̀. Ẹni tó ń fojú wá lẹbẹ ekurá kiri tí kò sì mọ bí èèyàn ṣe ń léfòó, òun ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù.

Mẹ́ta péré ló wà nídìí ọ̀pọ̀ ìkọlù tó le. Èyí tí òyìnbó ń pè ní great white, omi tútù ló fẹ́ràn jù, nítorí náà kì í ṣe òun ni wàá máa rò bó o bá ń lọ sí erékùṣù tí oòrùn ti ń mú. Èkejì ni tiger shark. Ó tóbi, ó ní ìlà lára nígbà tó bá kéré, ìlà náà a sì máa ṣá bó ṣe ń dàgbà. Kò sí nǹkan tí kì í jẹ: ìjàpá òkun, ẹyẹ, òkú ẹran, títí dé páńtí tí ọkọ̀ jù sómi. Ẹ̀kẹta ni bull shark, òun gan-an ni bàbá mi máa ń fi kìlọ̀ fún wa. Ara rẹ̀ kì, ẹnu rẹ̀ kúrú, omi iyọ̀ àti omi odò kò sì yàtọ̀ lójú rẹ̀. Ó máa ń wọ odò Zambezi ní gúúsù Áfíríkà lọ sókè jìnnà. Bó o bá ti rí ibi tí odò tàbí ọ̀sà ti ń tú sínú òkun, tí omi ibẹ̀ dúdú tó sì ní ẹrẹ̀, rántí ẹni tó nilé níbẹ̀.

Àwọn tó ṣeé ṣe kó o rí lórí òkìtì iyùn, èyí tí òyìnbó ń pè ní coral reef, níbi tí omi ti mọ́, àwọn kéékèèké ni. Òmíràn ní àmì dúdú ní ṣóńṣó lẹbẹ rẹ̀, òmíràn ní funfun, wọn kì í sì í sábà tó èèyàn ní gígùn. Bí wọ́n bá rí ọ, àwọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sá.

Wàyí o, báwo ló ṣe ń wá oúnjẹ rẹ̀? Bó o bá mọ èyí, o ò nílò kí ẹnikẹ́ni ka òfin fún ọ. Imú rẹ̀ mú púpọ̀, ẹ̀jẹ̀ àti omi ara ẹja ń pè é. Etí rẹ̀ ń gbọ́ ìró tó rẹlẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, pàápàá ìró ohun tó ń jà pìtìpìtì nínú omi bí ẹja tó fara pa. Lẹ́yìn náà, àwọn ihò wẹ́wẹ́ kan wà ní imú rẹ̀ tí nǹkan yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀ kún inú wọn. Ihò yẹn ló fi ń mọ iná mànàmáná kékeré tó wà lára gbogbo ohun tó ń mí, kódà bí ẹja bá sá pamọ́ sábẹ́ iyanrìn. Níbi tí omi ti mọ́, ó máa ń fojú rí i pé ìwọ kì í ṣe ẹja. Níbi tí omi ti ṣú, kò lọ́wọ́ tó máa fi tọ́ ọ wò. Ẹnu ló ní.

Nítorí náà, àkókò kọ́kọ́. Má wọ òkun ní àfẹ̀mọ́júmọ́, má wọ̀ ọ́ nígbà tí oòrùn ń wọ̀, má sì wọ̀ ọ́ lálẹ́. Ìgbà yẹn ni púpọ̀ nínú wọn ń jẹun, ìmọ́lẹ̀ kò sì tó láti fi dá ọ mọ̀. Mo mọ̀ pé àṣálẹ́ ni fọ́tò máa ń dùn ún yà létí òkun. Yà á lórí iyanrìn. Bí aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ títí dé aago mẹ́ta ọ̀sán dára fún wíwo ẹja, ojú rẹ pẹ̀lú á sì ríran dáadáa.

Ibi ló kàn. Ní etíkun tiwa, bí o bá ti wọ ọkọ̀ kọjá ọ̀sà sí Gberefu, tó o rin ojú ọ̀nà iyanrìn tí wọ́n gbà kó àwọn ẹrú lọ nígbà náà títí dé etí òkun, ó ṣeé ṣe kó o bá àwọn tó ń fa àwọ̀n níbẹ̀, àwọn Ègùn àti àwọn ará Kẹ́ta láti Gánà. Ọkọ̀ á ti gbé àwọ̀n náà lọ sínú òkun, okùn rẹ̀ méjèèjì á wà létí omi, ogún tàbí ọgbọ̀n èèyàn á dì í mú, wọ́n á máa kọrin, wọ́n á máa fà á díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí púpọ̀. Bí àpò àwọ̀n náà ṣe ń sún mọ́ etí omi, bẹ́ẹ̀ ni ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀ ń jà, ìpẹ́ ń tàn, ẹ̀jẹ̀ ń jáde, àwọn ẹyẹ ń já wá láti òkè. Èmi ti rí ọmọ ekurá nínú àpò yẹn léraléra, títí kan àwọn tí orí wọn gbòòrò sẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì bí òòlù. Bí ọmọ bá wà níbẹ̀, a jẹ́ pé ibẹ̀ kò ṣàjèjì sí ìyá wọn. Èmi kì í jẹ́ kí àwọn tí mò ń kọ́ ní ìwẹ̀ wọ omi nítòsí irú ibẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ sọ pé ìdí nìkan làwọn fẹ́ rẹ sómi.

Ní ọdún tí mo pé mọ́kànlá, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà náà, gbé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ekurá wọ̀nyí nílẹ̀. Kò gùn ju apá mi lọ. Ó ti wà lórí iyanrìn ó ti pẹ́, gbogbo wa rò pé ó ti kú. Ó dì í mú ní ìrù, ó gbé e sókè kó lè fi hàn wá, ẹja náà yí ara padà wìì, ó sì bù ú jẹ ní ọrùn ọwọ́. Àpá náà wà níbẹ̀ di òní. Ara ekurá rọ̀, kò ní eegun líle bí ẹja yòókù, nítorí náà ó lè ká ara rẹ̀ débi ìrù ara rẹ̀. Èyí tó wà nílẹ̀, èyí tó wà nínú àwọ̀n, èyí tó wà lórí ìwọ̀, má fọwọ́ kàn án, kì báà jẹ́ bí ọ̀pá ìkọ̀wé ló ṣe tó.

Ohun tí àwọ̀n ń ṣe ní Gberefu, oríṣiríṣi nǹkan ló ń ṣe é níbòmíràn. Afárá tí àwọn èèyàn ti ń fi ìwọ̀ pẹja. Ibi tí àwọn ọlọ́jà ti ń fọ ẹja, tí wọ́n ń ju ìfun rẹ̀ sómi. Ibi tí ẹyẹ ti ń já sínú omi lọ́pọ̀ yanturu, nítorí pé ẹja wẹ́wẹ́ ti kóra jọ sábẹ́ ibẹ̀. Ẹnu odò, pàápàá lẹ́yìn òjò ńlá. Ibi tí ilẹ̀ abẹ́ omi ti já lójijì sí ibú, àti kòtò tó wà láàárín òkìtì iyanrìn méjì. Àwọn kan á sọ fún ọ pé níbi tí ẹran omi tí wọ́n ń pè ní dolphin bá wà, ekurá kì í débẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹja kan náà làwọn méjèèjì ń jẹ, nítorí náà wọ́n máa ń pàdé nídìí oúnjẹ.

Kí o sì ka pátákó. Ní Recife ní Brazil, láti ọdún 1992 ni ekurá ti ń kọlu àwọn tó ń wẹ̀ ní etíkun ìlú náà, pátákó ìkìlọ̀ sì wà káàkiri etíkun Boa Viagem. Àwọn onímọ̀ so ó mọ́ èbúté ńlá Suape tí wọ́n kọ́ sí gúúsù ìlú náà, tó da ẹnu odò níbẹ̀ rú. Síbẹ̀ àwọn kan ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó náà wọ omi. Bí àwọn ọmọ ìlú kò bá wọ omi níbì kan, tí omi náà sì rẹwà, béèrè ìdí kó o tó bọ́ bàtà.

Ohun tó wà lára rẹ ńkọ́? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn góòlù, nítorí náà mo dìídì kọ ọ́ sí i: ẹ̀gbà ọrùn, òrùka, ẹ̀gbà ẹsẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí tó ń dán, fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nílé. Bí oòrùn bá kàn án lábẹ́ omi, bí ìpẹ́ ẹja ló ṣe ń kọ mọ̀nà. Aṣọ ìwẹ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan, tó sì ṣókùnkùn díẹ̀, dára ju èyí tó ń tàn yòò lọ. Bó o bá ní egbò tó ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀, dúró lórí ilẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ó tún bi mí nípa nǹkan oṣù, ojú ń tì í díẹ̀, mo sì dá a lóhùn gbangba, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ obìnrin ni kò ní rẹ́ni bi. Àwọn tó ń ṣàkọsílẹ̀ ìkọlù ekurá kò rí i pé nǹkan oṣù ló ń fà á. Àìmọye obìnrin ló ń rì sísàlẹ̀ òkun ní àkókò wọn kárí ayé láìsí ewu. Èmi náà ti ṣe é. Lo ohun tó bá ọ lára mu, kí o sì lọ gbádùn ara rẹ.

Nípa ọlọ́kọ̀ tó máa gbé ọ lọ, níbí ni kó o ti le jù. Kí o tó sanwó, béèrè nǹkan mẹ́rin: ṣé láìfù jákẹ́ẹ̀tì wà fún gbogbo wa? Ta ló máa bá wa wọ omi, ta ló sì máa dúró sínú ọkọ̀ láti máa ṣọ́ wa? Kí ni ẹ ní nínú ọkọ̀ fún ẹni tó bá fara pa? Ṣé ẹ máa ń bọ́ ẹja? Bí ìdáhùn sí èyí tó kẹ́yìn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, wá ọlọ́kọ̀ mìíràn. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, ọlọ́kọ̀ wa dá búrẹ́dì àti orí ẹja sínú omi nígbà tí a ṣì wà nínú rẹ̀, kí ẹja lè pọ̀ fún wa láti yà ní fọ́tò. Mo pariwo mọ́ ọn láti inú omi. Ó rò pé inú mi máa dùn ni. Mo kó àwọn tí mo mú lọ padà sínú ọkọ̀, a ò sì padà wọ omi lọ́jọ́ náà mọ́.

Kì í ṣe àsọdùn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2010, ní Sharm el-Sheikh ní Íjíbítì, láàárín ọjọ́ díẹ̀, ekurá bu èèyàn mélòó kan jẹ. Wọ́n ti etíkun pa, wọ́n tún ṣí i, ekurá sì pa obìnrin ará Jámánì kan. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wádìí rẹ̀, lára ohun tí wọ́n tọ́ka sí ni òkú àgùntàn tí ọkọ̀ kan jù sínú òkun, àti àṣà fífi oúnjẹ tan ẹja wá sọ́dọ̀ àlejò. Ekurá tí wọ́n bá ti fún ní oúnjẹ láti ọwọ́ èèyàn, ọwọ́ èèyàn ni yóò máa wò.

Bó o bá ti dé inú omi, ẹ má lọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ méjì ó kéré tán, kí ẹnì kejì rẹ wà níbi tí o ti lè na ọwọ́ kàn án. Ẹni tó dá wà ni ekurá sábà máa ń dojú kọ, òun náà sì ni kò sẹ́ni tó máa fà á jáde bí nǹkan bá ṣe é. Fi bàtà pẹ́pẹ́yẹ, ìyẹn bàtà rọ́bà fífẹ̀ tí a fi ń lúwẹ̀ẹ́, wẹ̀ jẹ́jẹ́, láti ìdí ẹsẹ̀ wá, kí omi má máa ta pàù pàù. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, gbé ojú kúrò lára iyùn tó wà nísàlẹ̀, wo ẹ̀yìn, wo ẹ̀gbẹ́, wo ibi tí ọkọ̀ wà. Má ti ọwọ́ bọ ihò àpáta. Má lé ẹja kankan.

Ekurá kan wà tí wọ́n ń pè ní nurse shark, tó máa ń sùn sílẹ̀ lórí iyanrìn ní ọ̀sán gangan. Ó dà bí ọ̀lẹ. Àwọn èèyàn á lọ fà á ní ìrù kí wọ́n lè ya fídíò, ó sì máa ń bù wọ́n jẹ, tí yóò di ẹnu mọ́ wọn lára tí kò ní tú u. Irú èyí, ẹni tó jí i ló fà á. Bí ọkọ rẹ bá sì ń fi ọ̀kọ̀ pẹja lábẹ́ omi, má bá a lọ. Ẹja tó ń ṣẹ̀jẹ̀ níbàdí èèyàn, ìpè ni.

Ọ̀kan wà tí mo gbàdúrà pé kó o rí. Whale shark ni wọ́n ń pè é, òun sì ni ẹja tó tóbi jù láyé. Ó lè gùn ju mítà méjìlá lọ, tótòtó funfun wà ní gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀, ohun wẹ́wẹ́ tó léfòó nínú omi ló sì ń sẹ́ jẹ. Ní erékùṣù Mafia ní Tanzania, láti oṣù Kẹwàá títí di oṣù Kejì, ó máa ń sún mọ́ etí ilẹ̀. Nígbà tó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ńṣe ni mo gbàgbé láti mí. Omijé kún inú gọ́gùlù mi. Dúró ní mítà mẹ́ta sí ara rẹ̀ àti mítà mẹ́rin sí ìrù rẹ̀, nítorí ìrù yẹn lè gbá ọ láìmọ̀. Má fọwọ́ kàn án, má dí i lọ́nà, má fi iná fọ́tò sí i lójú.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ èyí tí o kò mọ̀ ló yọ, tó tóbi, tó sì ń yí ọ ká ńkọ́? Má sá. Mo mọ̀ pé ohun tí ara máa fẹ́ ṣe nìyẹn, ṣùgbọ́n o ò lè yára tó o láéláé, ẹni tó ń fi ẹ̀yìn hàn tó sì ń lu omi, bí oúnjẹ ló ṣe rí. Dúró lóròó nínú omi. Kọjú sí i, kí ojú rẹ má kúrò lára rẹ̀, bó bá ń yípo, ìwọ náà máa yí. Ẹni kejì rẹ kó fi ẹ̀yìn ti ẹ̀yìn rẹ, tàbí kí ẹ fi ẹ̀yìn ti òkìtì iyùn. Ẹ wá máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọkọ̀, ẹ na ọwọ́ sókè kí ọlọ́kọ̀ rí yín. Lọ́pọ̀ ìgbà, á kàn wò yín, á lọ.

Bó bá wá sún mọ́ ọ jù, fi ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ sáàárín ìwọ àti òun: kámẹ́rà, bàtà pẹ́pẹ́yẹ tó o bọ́ lẹ́sẹ̀. Bó bá bù ọ́ jẹ, má ṣe bí òkú. Bá a jà pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ. Gún un lójú, fi ọwọ́ ha ojú ihò gbọọrọ tó fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn. Imú rẹ̀ náà máa ń dùn ún, ṣùgbọ́n ẹnu wà lábẹ́ imú, nítorí náà bí nǹkan kan bá wà lọ́wọ́ rẹ, òun ni kó o fi lù ú níbẹ̀. Bó bá ti tú ọ sílẹ̀, jáde kúrò nínú omi, ó lè padà wá.

Ẹ̀jẹ̀ ló ń pa ẹni tí ekurá bù jẹ. Nítorí náà, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ló ní iṣẹ́ jù, kì í ṣe dókítà tó wà ní ìlú. Gbàrà tí ẹ bá ti gbé e jáde nínú omi, kó aṣọ tó mọ́ lé ojú egbò náà, fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gidigidi, má ṣí i wò. Bí aṣọ náà bá rin, kó òmíràn lé e, máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Bó bá jẹ́ apá tàbí ẹsẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ náà ń tú tí kò dúró, di aṣọ mọ́ ọn lókè egbò náà. Gèlè tàbí ìborùn dára. Kí aṣọ náà fẹ̀ tó ìka mẹ́ta, má lo okùn tẹ́ẹ́rẹ́, torí ńṣe ló máa gé ẹran. Jẹ́ kí ibi tó o dì jìnnà sí egbò tó ìka mẹ́ta tàbí mẹ́rin sókè, kó má sì jẹ́ lórí orúnkún tàbí ìgúnpá. Ki igi kékeré bọ inú kókó rẹ̀, yí igi náà títí ẹ̀jẹ̀ á fi dá, kó o wá so igi náà mọ́lẹ̀. Ó máa dùn ún, á máa bẹ̀ ọ́ kó o tú u. Má tú u. Kọ aago tó o dì í sílẹ̀ sí iwájú orí rẹ̀ tàbí sórí aṣọ rẹ̀, ilé ìwòsàn nìkan ni kó tú u. Tẹ́ ẹ sílẹ̀, fi aṣọ bò ó kó má gba òtútù, má fún un ní omi mu, má fún un ní oúnjẹ, kí ẹnì kan máa bá a sọ̀rọ̀. Ẹlòmíràn ti gbọ́dọ̀ máa pe ọkọ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn. Bí ojú egbò náà bá tilẹ̀ kéré, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, nítorí eyín ekurá àti omi òkun ń kó àìsàn wọ inú ẹran.

Ibi tí mo ti máa ń gbọ̀n nìyí, ọ̀rọ̀ omi fúnra rẹ̀. Àwọn àgbà ní òmùwẹ̀ ní í bá omi lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ni mo ti rí tí wọ́n gbé jáde nínú òkun lójú mi ní etíkun wa, kò sí ìkankan nínú wọn tí ekurá fọwọ́ kàn. Inú ọ̀sà ni wọ́n ti kọ́ ìwẹ̀, wọ́n sì rò pé òkun náà ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbì máa ń gbé omi wá sétí ilẹ̀, omi yẹn gbọ́dọ̀ padà, ojú ibì kan ṣoṣo ló sì sábà máa ń gbà padà, bí odò kékeré nínú òkun. Ojú ibẹ̀ máa ń pa rọ́rọ́, ìgbì kì í sábà fọ́ níbẹ̀, ìfófòó àti iyanrìn á máa ṣàn jáde lọ sójú òkun. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ibẹ̀ ló rọ̀ jù láti wọ̀. Kí o tó wọ òkun èyíkéyìí, dúró ní ibi tó ga fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wo ibi tí ìgbì ti ń fọ́ àti ibi tí kò ti fọ́.

Bí omi tó ń padà yẹn bá gbé ọ, má kọjú sí etí ilẹ̀ bá a jà. Ibẹ̀ ni agbára àwọn ọmọ yẹn tán sí. Kì í fà èèyàn sísàlẹ̀, ńṣe ló ń gbé e jáde lọ. Dẹ ara rẹ, fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi, léfòó, na apá kan sókè, ké. Bó o bá ní agbára, wẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kí etí ilẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ, lọ síbi tí ìgbì ti ń fọ́, ìgbì yẹn á sì ràn ọ́ lọ́wọ́ padà sílé. Ẹni tó bá sì ti mu ọtí, kì báà jẹ́ ìgò kan, kó jókòó sábẹ́ àgbọn.

Ìwọ ọmọ mi, o ṣì ní ọjọ́ mọ́kànlá kó o tó lọ. Ní alẹ́ òní, pọn omi kún báàfù ńlá tí ìyá rẹ fi ń ṣan aṣọ. De gọ́gùlù mọ́ ojú, fi irun sẹ́yìn kí omi má ráyè wọlé, ti páìpù ìmí bọ ẹnu, kó o dorí kodò sínú omi náà. Máa mí jẹ́jẹ́, ka ìmí náà dé ọgọ́rùn-ún. Ṣe é lọ́la, ṣe é lọ́tunla. Lọ́jọ́ Sátidé, kí ìwọ àti ọkọ rẹ wá bá mi ní Àgbádárìgì ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Inú adágún ìwẹ̀ ni a máa wà, kì í ṣe òkun. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i pé ẹ̀yin méjèèjì lè fi ẹ̀yìn léfòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìfọwọ́ kan ohunkóhun.